Owó Káfíńtà, Ọjọ́ Mọlémọlé

Ẹni tó bá gba iwájú ilé àna mi kọjá ní Láfẹ́nwá, bí ó bá ní ojú iṣẹ́, yóò rí i pé ògiri tó kọjú sí odò tẹ̀ sínú díẹ̀ ní ipele kẹta. Àwọn ọmọ mi ti bẹ̀ mí títí pé kí n wó o, kí n tún un mọ, nítorí ojú ń tì wọ́n. Mi ò ní wó o. Mo mọ ọwọ́ àwọn tó mọ ọ́n, mo sì mọ ohun tó ná wa.

Nítorí pé mo ṣe iṣẹ́ ògiri, tí mo sì ṣe iṣẹ́ pákó, àwọn tó fẹ́ fi ọmọ wọn sẹ́nu iṣẹ́ máa ń wá bi mí pé èwo ló lérè jù nínú méjèèjì. Wọ́n ti mọ ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kí wọ́n tó jáde nílé. Wọ́n ti rí ilé alájà àwọn ará Sàró ní Aké, wọ́n ti rí fèrèsé tó ń ṣí tó ń tì, ojú wọn ti wọ̀ ọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó. Ìdáhùn náà kò kúrú, inú sì máa ń bí mi bí mo bá ń sọ ọ́. Èmi fúnra mi ni inú ń bí mi sí.

Mọlémọlé ni bàbá mi. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá sá wá sí abẹ́ Olúmọ, tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń wá ibi tí yóò tẹ̀dó sí láàárín àpáta, ilé ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri tí òjò kì í wó, kì í ráyè jókòó. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ bí iyán, wọ́n á sì ṣù ú ní ìṣù-ìṣù. Ẹnì kan á wà lórí ògiri, àwọn tó kù á máa ju ìṣù ẹrẹ̀ sí i láti ilẹ̀. Bí ipele kan bá ti ga kọjá orúnkún, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á jókòó lé e lẹ́sẹ̀.

Ẹnì kan kò lè dá ilé mọ, àáró ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Onílé á fún wọn ní oúnjẹ àti ẹmu, bóyá á fi owó ẹyọ díẹ̀ lé e fún olórí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ ni owó iṣẹ́ gan-an. Bí mo bá fi ọjọ́ kan po ẹrẹ̀ fún ọ, o jẹ mí ní ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbàgbé. Bàbá mi ní ọjọ́ kárí ìlú. Ó ní ọjọ́ ní Ìtòkò, ó ní ní Ìkìjà, ó ní lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń gbé oko tí wọn kì í wálé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Ohun tí kò ní ni owó. Èrè ẹ̀kọ tí ìyá mi ń tà ló fi ń ra aṣọ fún wa.

Ògiri yàrá tirẹ̀ gan-an ti sán láti òkè dé ilẹ̀, igi méjì ló fi tì í. Ó ní òun ń kó ọjọ́ jọ, pé ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ òun ó pe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ó wó o, wọn ó sì mọ òmíràn. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ògiri ẹlòmíràn ló máa ń kọ́kọ́ wó.

Mo tó ọmọ ogún ọdún nígbà tí káfíńtà kan dé láti Sàró, tó gba ilẹ̀ lẹ́bàá Aké. Ọmọ Ẹ̀gbá ni òun náà. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á sí ojú omi, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Sàró, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́. Ó dé pẹ̀lú àpótí kan tí irin iṣẹ́ kún inú rẹ̀, àti ìlànà kan tí a kò gbọ́ rí: gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń san owó. Òjò ìbáà rọ̀, ilé ìbáà má tíì parí, bí Sátidé bá dé, oníkálukú á gba owó ẹyọ tirẹ̀ á sì máa lọ sílé. Àwọn ará Sàró ń kọ́lé, àwọn òyìnbó ìjọ ń kọ́lé, gbogbo wọn ló ń fẹ́ ilẹ̀kùn, àga, àjà àti òrùlé.

Mo lọ bá bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ṣàlàyé fún un bí ẹni ń rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ná. Oṣù mélòó ni ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dún? Mẹ́rin, bí òjò kò bá tètè dé. Oṣù méjìlá ni káfíńtà fi ń ṣiṣẹ́. Mọlémọlé pọ̀ bí eṣú nílùú yìí, ta ni kò lè po ẹrẹ̀? Àwọn tó lè mú ayùn kò tó ìka ọwọ́ méjì. Bí mo bá fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ, mo lè dá dúró, kí èmi náà máa san owó fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ṣì wà."

Ó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. Kò bínú, èyí ló sì mú kí inú bí èmi.

"Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o sọ," ó ní. "Àmọ́ owó tìrẹ, ibi tí o bá gbé e sí ló máa wà. Owó tèmi lẹ́sẹ̀. Bí mo bá pè é, á dìde, á sì wá."

"Owó tó lẹ́sẹ̀ náà kò tíì rìn dé yàrá yín," ni mo dá a lóhùn.

Mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn létí ara mi. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gba ẹ̀kọ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ tó wù mí, kí Ọlọ́run gbè mí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ dàgbà, òun ni olórí ẹgbẹ́ àáró àwa ọ̀dọ́. Nígbà tí mo fi máa dé ìdí pákó, mo ṣì jẹ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta. Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí mi pé ìyá òun fẹ́ mọ ilé ìdáná. Ọ̀gá mi sì ní pákó ìrókò tí a gbọ́dọ̀ là ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Mo ṣe ohun tó dà bí ọgbọ́n lójú mi. Mo fi owó ẹyọ ọjọ́ mẹ́ta ránṣẹ́ dípò ara mi, mo tiẹ̀ fi èènì lé e.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, owó náà wà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n so ó rọ̀ sí igi ilẹ̀kùn bí ẹni pààlè. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i.

"Kí lo ṣe fún wọn?" ó bi mí.

"Mo san ohun tí mo jẹ ni."

Ó tú owó náà sílẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ná an.

Ọdún méjì kọjá báyìí. Mo ti mọ ayùn mú, mo ti lè kan ilẹ̀kùn kí ọ̀gá mi má rí àléébù kan sọ. Aṣọ ọrùn mi yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ mi, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí mi ti bá mi tọrọ ọmọbìnrin kan ní Láfẹ́nwá, wọ́n sì ti gbà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, agbo ilé wọn wà lẹ́bàá odò. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí débi pé bí mo bá rántí rẹ̀ nídìí iṣẹ́, ojú ìlà kì í gún mọ́. Mo ti gbé iṣu lọ, mo ti gbé obì lọ, mo sì kan àpótí aṣọ kan tó ní ìdérí fún un. Bàbá rẹ̀ ṣí i, ó pa á dé, ó tún un ṣí.

"Ọwọ́ rẹ mọ́," ó ní. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Àwọn kan nínú ẹbí ìyàwó kò fẹ́ mi. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan wà nínú ìlú tiwọn, tí ogún ọ̀rẹ́ máa ń tẹ̀ lé lọ sóko bàbá rẹ̀, wọ́n sì ń bi àna mi pé kí ló rí lára onípákó.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn tètè dé, ó sì bá ìjì wá. Ó wó ògiri mẹ́ta ní ilé àna mi. Ní ọjọ́ kejì, alárinà wa, ìyá àgbà kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ilé méjèèjì, bá mi ní ìdí pákó.

"Àna rẹ ní kí n kí ọ," ó wí. "Òjò ti wó ilé mọ́ ọn lórí. Ó ní kí o wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna rẹ. Bí ògiri bá dúró kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn ó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí kò bá dúró..." Ó wo ojú mi. "Àwọn kan wà nínú ilé yẹn tó ń gbàdúrà pé kó má dúró."

"Mo gbọ́, ìyá. Ẹ bá mi sọ pé mò ń bọ̀."

Ó yí padà láti lọ, ó tún dúró. "Ìyàwó rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o má dá wá. Ó ní kí o kó ènìyàn wá."

Ọ̀wẹ̀ àna kì í ṣe nǹkan tuntun. Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á lọ roko àna tàbí kí wọ́n mọlé rẹ̀, ilé àna á sì se oúnjẹ fún wọn. Èmi náà ti bá ènìyàn lọ rí, kí n tó mọ ayùn mú. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi. Ó ń lọ́ okùn níwájú ilé wọn, kò sì dìde.

"Mo gbọ́ ohun tí òjò ṣe," ó ní. "O kú ewu."

"Mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ."

"Àwa wo?"

"Ìwọ àti gbogbo ẹgbẹ́."

Ó ń lọ́ okùn rẹ̀ lọ. "Ọjọ́ mélòó lo ní lọ́wọ́ wa?"

Mi ò ní ọ̀kan ṣoṣo.

"Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà," ó ní, kò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Bí mo bá pè wọ́n, wọn ó bi mí pé ìgbà wo lo wá kẹ́yìn. Kí ni kí n wí?"

Mo ya ilé àwọn márùn-ún mìíràn. Sòbìyà ń yọ ẹnì kan lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ń lọ sóko lọ́la. Ẹnì kan ní ìyàwó òun fẹ́ bímọ. Kò sí ẹni tó sọ pé òun kò ní wá, ì bá sàn kí wọ́n sọ ọ́. Òjò ṣú lórí Olúmọ bí mo ṣe ń lọ sílé, inú sì ń bí mi sí gbogbo wọn. Mo ní ṣebí owó ni. Owó ní kí wọ́n má ṣe dámọ̀ràn lẹ́yìn òun, owó sì wà lọ́wọ́ mi. Mo lọ sí etí odò, níbi tí àwọn aláàárù ti ń dúró de ẹrù tó ń bọ̀ láti Èkó, mo sì gba alágbàṣe méjìlá.

Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a dé ilé àna mi. Mo rìn ṣíwájú bí ọba. Àwọn obìnrin ilé ti dáná, ìkòkò mẹ́ta wà lórí iná, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́. Mo rí i pé ó ń ka àwọn tó wà lẹ́yìn mi, ojú rẹ̀ sì fà ro.

Àna mi jáde. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde. Nígbà náà ló ṣe ohun tí mo ti gbàgbé pé wọ́n máa ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kí àwọn tí mo kó wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n ní ilé bàbá wọn, kí òun lè mọ ibi tí òun ó ránṣẹ́ ọpẹ́ sí.

"O káàárọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?"

Ọkùnrin àkọ́kọ́ wo ojú mi. "Èmi kì í ṣe ará ìlú yìí, bàbá."

"Kò burú. Níbo ni ìwọ àti àna mi ti jọ mọra?"

"Etí odò ni, bàbá. Ó gbé iṣẹ́ wá."

Ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ẹni yẹn kò tiẹ̀ jẹ́ kó béèrè. "Alágbàṣe ni gbogbo wa, bàbá. Ó ti san ìdajì."

Àna mi kò pariwo. Ó yíjú sí àwọn obìnrin, ó ní, "Ẹ sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀." Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí mo padà síbẹ̀.

"Ṣé o rò pé mi ò lówó alágbàṣe ni?" ó bi mí. "Ògiri nìkan kọ́ ni mo pè ọ́ sí. Bí wọ́n bá jí ọmọ mi gbé lọ́nà oko lọ́la, bí ogun Dàhòmì bá tún dé ẹ̀yìn odi, bí ìwọ fúnra rẹ bá kú, àwọn wo ni yóò dìde? Àwọn ni mo ní kí o kó wá kí n rí. Ṣé àwọn wọ̀nyí ni?"

"Ẹ dákun, bàbá, ẹ dárí jì mí."

"San owó wọn kí wọ́n máa lọ. Mi ò ta ọmọ mi. Òjò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, a ṣì ní ọ̀rọ̀ sọ. Bó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, má padà wá mọ́."

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyàwó mi ti wọlé.

Ní ọjọ́ kejì mo dá padà lọ, èmi àti ọkọ́ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, ìtìjú kò jẹ́. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo da omi sí i, mo tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Mo ṣù ú, mo gbé e lé ògiri, mo tún sọ̀kalẹ̀ wá ṣù òmíràn. Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Àwọn tí kò fẹ́ mi jókòó sábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo aṣiwèrè. Lọ́sàn-án, òjò á ṣú. Mo máa ń sáré fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ohun tí mo ti mọ. Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó mi gbé omi odò kọjá, ó dúró, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ihò ẹrẹ̀ mi, ó sì padà lọ pọn òmíràn. Kò wò mí. Mo sunkún bí mo ṣe ń tẹ ẹrẹ̀ yẹn.

Sátidé dé, mi ò lọ gba owó. Ọ̀gá mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, pẹ̀lú fìlà àti bàtà rẹ̀.

"Òrùlé oníṣòwò yẹn gbọ́dọ̀ wà lókè ní Mọ́ńdè," ó ní. "Mo ti ṣèlérí fún un. Bí o kò bá wá, ẹlòmíràn á mú ayùn rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ fún mi ní ọjọ́ márùn-ún."

Ó wo ògiri tí mo ń mọ, ó wo ojú sánmà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Bí mo bá fún ọ lọ́jọ́," ó ní, "ta ni yóò fún èmi?"

Ó lọ. Òótọ́ ló sọ. Ní Mọ́ńdè, inú ẹrẹ̀ ni mo wà.

Ọjọ́ keje ni mo ṣe tán láti jọ̀wọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri kan péré ni mo ti gbé dé ipele kejì, òjò sì ti ń rọ̀ lójoojúmọ́ ní òkè odò. Mo gbọ́ ohùn ènìyàn lójú ọ̀nà, mo sì rò pé ọmọkùnrin ìlú tiwọn ni wọ́n ti mú wá. Bàbá mi ni. Àwọn arúgbó mọ́kànlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ́ wà léjìká wọn, ẹnì kan ń tẹ̀ sórí ọ̀pá. Alárinà ló ti lọ tú àṣírí mi nílé.

Àna mi jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn. Kò nílò láti béèrè ọmọ ta ni. Ó mọ mẹ́jọ nínú wọn. Ọ̀kan ti bá bàbá rẹ̀ mọ ilé yẹn gan-an nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìlú dó. Nígbà tó kí wọn tán, ó yíjú sí ilé ìdáná, ó ní, "Ẹ gbé ìkòkò kaná."

Arúgbó ni wọ́n. Wọ́n ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀dọ́mọkùnrin. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́. Wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á bò ó, wọ́n á padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ní ipele kẹta, ẹni tó wà lórí ògiri, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ sínú. Mo rí i. Bàbá mi náà rí i. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó mi orí sí mi pé kí n dákẹ́. Wọ́n parí ògiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ méjì ṣáájú òjò ńlá, wọ́n sì dá ọjọ́ ìgbéyàwó fún mi.

Bí a ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ tó parí, mo bi bàbá mi léèrè. "Bàbá, ọjọ́ tí ẹ tọ́jú fún yàrá yín ńkọ́?"

"Mo ti ná an," ó ní. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé obì ló rà.

Ìyàwó mi ti dé ilé wa nígbà tí ògiri yàrá bàbá mi wó. Ọ̀sán ni, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi sì wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó farapa. Kò sì sí ẹni tó lè mọ ògiri nínú òjò yẹn, títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé. Ọ̀gá mi ti gbà mí padà, àmọ́ ní ìsàlẹ̀, láàárín àwọn tó ń gbá èérún igi. Mo fi owó Sátidé mi ra pákó, mo sì kan ògiri pákó fún bàbá mi ní ọjọ́ méjì péré. Kí n má purọ́, inú mi dùn sí i. Mọlémọlé wo ló lè fi ọjọ́ méjì gbé ògiri dúró nínú òjò?

Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó náà lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Iṣẹ́ dára," ó ní. "Ó yá ju tèmi lọ. Ta ni kí n kí?"

"Kí ẹ kí èmi, bàbá."

"Mo ti kí ọ. Ta ló kù?"

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú ọkọ́. Mo bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo wá san ọjọ́ mẹ́ta tí mo jẹ. Ọ̀rẹ́ mi jáde, ó ní nínú òjò, oko ni àáró wà. Mo roko. Mo gba ìyọ̀ǹda ọ̀gá mi, mo fi owó ọjọ́ kan sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́. Mo roko fún àwọn arúgbó mọ́kànlá náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ń ka ọjọ́ tèmi bí ó ṣe ń pọ̀ sí i, mo sì ń sọ fún bàbá mi ní alaalẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an ni. Afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo pákó wọlé, bàbá mi sì ń wúkọ́.

Ó kú nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Inú yàrá yẹn la sin ín sí, bí a ti ń sin bàbá ilé.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, mo tú pákó náà, mo sì pe ọjọ́ mi. Ènìyàn mẹ́tàlélógún ló wá. Ọ̀rẹ́ mi ló wà lórí ògiri, ìyàwó mi ló pọn omi ẹrẹ̀, àna mi jókòó sórí ìjókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi parí. Ògiri náà gún láti ilẹ̀ dé òkè. Nígbà tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ tán, tí wọ́n fẹ́ máa lọ, mo ní kí wọ́n dúró. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dárúkọ bàbá oníkálukú wọn. Ẹ kú iṣẹ́, mo ní. Bàbá mi ní kí n kí yín.